Àwọ̀ Ìyàwó, Ilà Bàbá: Ohun Tí Ojú Wa Ń Rí Nídìí Fọ́tò Ìgbéyàwó

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tá a jọ ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Sátidé. Ìbéèrè tí wọ́n bi àwa ayàfọ́tò ni pé kí ló le jù nínú iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Àwọn kan ní alága ni, àwọn kan ní iná ìjọba ni, àwọn mìíràn ní àwọn àlejò tó ń na fóònù dí wa lójú ni. Gbogbo rẹ̀ ló le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi ń bá jà jù ni àwọ̀ ara: kí ènìyàn dúdú jáde nínú fọ́tò ní dúdú tirẹ̀ gan-an, kó má rí eérú-eérú, kó má sì dà bí ẹni tó bóra.

Abẹ́ kánópì ni ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìta gbangba la ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdána nílùú wa, kánópì náà á sì jẹ́ búlúù tàbí pupa. Oòrùn á gba ara rẹ̀ kọjá, á da àwọ̀ rẹ̀ lé gbogbo ojú. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó á jó mú un wọlé tòun ti ìbòjú, alága á fi orin dá wọn dúró, á tún ní kí wọ́n padà sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n bá wá ṣí ìbòjú náà báyìí, àkókò díẹ̀ lo ní, ojú ọmọ ọlọ́mọ sì ti di búlúù. Bí o bá dojú fìláàṣì kọ òkè kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ta padà, búlúù náà ni kánópì máa tún ta sí i lára. Èmi máa ń yọ fìláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà ni. Ọmọ iṣẹ́ mi á gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lójú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló yẹ ojú dúdú: ó ń dán díẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí imú, lórí ètè, o máa rí i pé ojú náà ní igun, ó ní kòtò. Tí o bá fi fìláàṣì kọjú sí i gbọnrangandan, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ, àtíkè á sì funfun báláú.

Mo máa ń lọ kí alága ìjókòó kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Màá dọ̀bálẹ̀, màá ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Tó bá kan ìgbà tí ìyàwó máa dé ọkọ ní fìlà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ní kí wọ́n kọjú síta.” Ojú ìta ni ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ wà. Kò tíì sí alága tó kọ̀ fún mi. Àwọn náà fẹ́ kí iṣẹ́ wọn yọ.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé kí ó máa fa gbogbo nǹkan wá sí àárín, sí àwọ̀ eérú tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gáùn funfun bá gba àyè púpọ̀ nínú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú tọkọtaya á sì ṣókùnkùn. Tí ọkọ bá dá dúró nínú kóòtù dúdú, òdìkejì ló máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ ara mi yí gbogbo rẹ̀, ojú ènìyàn ni mo sì ń wọ̀n, kì í ṣe aṣọ. RAW ni mo ń yà sí, ìyẹn fáìlì tó kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí pamọ́, kì í ṣe JPEG tí kámẹ́rà ti ṣe parí tó sì ti dín kù, torí pé nínú RAW ni ojú tó ṣókùnkùn àti gáùn tó funfun jù ti lè padà wálé.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti wà tipẹ́. Láyé fíìmù, káàdì kan tí Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìfọfọ́tò fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Shirley card ni wọ́n ń pè é, obìnrin òyìnbó ló sì wà lórí rẹ̀. Tí awọ ara obìnrin yẹn bá ti jáde dáadáa, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ti tò nìyẹn. Ó di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó gbé káàdì tó ní àwọn èèyàn aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí jáde. Mo ń sọ èyí torí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n máa ń rò pé àwọn ni wọn kò mọ̀ ọ́n yà.

Tí a bá délé, kí n tó wẹ̀, gbogbo fọ́tò inú káàdì kámẹ́rà ti wọ hádì dísíìkì méjì, wọn kì í sì í sun inú ilé kan náà. Ṣíṣa àwọn fọ́tò tó dára ló tẹ̀ lé e, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ẹ̀díìtì fọ́tò. Ọ̀pọ̀ preset, ìyẹn ètò àwọ̀ tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ara òyìnbó ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n á dín agbára àwọ̀ ọsàn kù, wọ́n á gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè. Inú àwọ̀ ọsàn yìí gan-an ni awọ ara wa wà, pẹ̀lú pupa díẹ̀. Tí o bá ti fa ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọsàn sókè, o ti bó ìyàwó nìyẹn, o bó bàbá rẹ̀, o bó gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé màá wá nǹkan tó funfun lóòótọ́ nínú fọ́tò, bóyá kọ́là àlùfáà tàbí abọ́ tánganran, màá fi tò white balance, kí funfun lè jáde ní funfun. Tí ojú bá ṣì ṣókùnkùn lẹ́yìn ìyẹn, màá mú ojú nìkan, màá fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un. Àwọ̀ rẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Àǹtí ìyàwó kan pè mí lẹ́yìn ìnáwó, ó ní, “Bọ̀dá fọ́tò, ẹ bá wa fọ ìyàwó díẹ̀, ó ti dúdú jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà, bó ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn, bí ọkọ rẹ̀ sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.” Ìyàwó fúnra rẹ̀ gba fóònù, ó ní kí n ṣe méjèèjì. Mo ṣe é, oníbàárà ni. Èyí tó mọ́lẹ̀ ló gbé sórí Instagram. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń yan èyí tó máa wọ álíbọ́ọ̀mù, èyí tó máa wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀, èyí tó dúdú ló mú, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó san àsansílẹ̀ ni mo ti ń fi fọ́tò tí mo ti ṣe hàn án: bí awọ ara ṣe ń jáde lọ́wọ́ mi nìyí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kí a tètè mọ̀.

Láti Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí a ti ń fi iná pupa ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Nígbà náà, àgbàlagbà tó bá wá ya fọ́tò ti mọ bí òun ṣe fẹ́ jókòó. Á tẹ́ agbádá rẹ̀ kalẹ̀, á gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, á wo kámẹ́rà lójú, kò ní rẹ́rìn-ín. Ilà ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn. Tí kò bá hàn, á ní kì í ṣe òun lo yà yẹn, kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Wọ́n gbé iṣẹ́ kan wá fún mi láìpẹ́ yìí pé kí n bá wọn tún un ṣe. Bàbá ìyàwó, ará apá Ọ̀yọ́, àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀díìtì rẹ̀ lo ọ̀kan nínú àwọn ètò AI ìgbàlódé tó ń dán awọ ojú, tó lè ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò pa pọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni wò wọ́n. Lójú ẹ̀rọ yẹn, irorẹ́, àpá àti ilà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó dán ojú bàbá títí àbàjà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rí i. Kò pariwo. Ó kàn sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ilà bàbá mi padà.” RAW rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ló yọ wá. Mo fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ kan ojú náà kí ojú ilà lè jinlẹ̀ bó ṣe yẹ, mo nu òógùn tó ń dán níwájú orí, mo yọ ọbẹ̀ tó ta sí ọrùn agbádá. Ó parí síbẹ̀.

Nílé iṣẹ́ mi báyìí, fọ́tò àwọn àgbà ní àyè tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ dá a ṣe. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré parí iṣẹ́, torí àwọn tó ní pélé, gọ̀mbọ́, kẹ́kẹ́ àti àbàjà ń dín kù lójú wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka kíkọlà fún ọmọdé léèwọ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti fi í sílẹ̀ tipẹ́ kí òfin náà tó dé. Mi ò ní kí wọ́n padà sídìí ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà yìí, fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ wọn ni fọ́tò gidi tí wọ́n yà kẹ́yìn. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàfọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin ní 1968, ó ya gèlè náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irun dídì ṣe rí láyé yẹn lónìí, fọ́tò rẹ̀ ló ń lọ wò. Tó bá jẹ́ pé ó dán irun yẹn ni, kí la fẹ́ wò?

Láti Ìlọrin

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀, sà. Ẹ̀yin bọ̀dá mi, mo kí yín. Obìnrin ni mí, ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin ni wọ́n sì sábà ń gbà mí sí níbi ìgbéyàwó Mùsùlùmí: wọ́límọ̀, yìgì, àti yàrá tí ìyàwó ti ń múra. Díẹ̀ nínú àwọn ìyàwó mi, ẹ̀hà ni wọ́n ń wọ̀ jáde. Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí irun wọn kò pọ̀. Nítorí náà, kí n tó ro àwọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rò ni pé ojú ta ló máa kan fọ́tò yìí.

Káàdì tí mo fi ń ya yàrá obìnrin kì í ṣe èyí tí mo fi ń ya ìta. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣe ẹ̀díìtì rẹ̀, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ètò AI tí Bàbá ń sọ yẹn, àwọn kan nínú wọn máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà onílé-iṣẹ́ níbòmíràn kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn ìyàwó mi kò fún mi láyè fún ìyẹn, torí náà mi ò lò ó. Inú fúláàṣì tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà ni mo ń kó fọ́tò sí, ọwọ́ ìyàwó ni mo sì ń fi í lé. Tó bá kan títẹ álíbọ́ọ̀mù, mo máa ń dúró ti ẹ̀rọ títí wọ́n á fi dì í, màá kó èyí tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní mò ń pàdánù ìpolówó nítorí mi ò lè gbé iṣẹ́ tó dára jù lọ́wọ́ mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹnu àwọn ìyá ló ń polówó mi nílùú yìí, wọ́n á ní, “Ọmọ yẹn, àṣírí kì í tú lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀: aṣọ ẹ̀hà dúdú máa ń di òkùnkùn kan ṣoṣo nínú fọ́tò, ìṣẹ́po rẹ̀ kò ní hàn. Mo máa ń fi ìyàwó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í ṣe iwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà màá gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè díẹ̀ nínú Lightroom títí ìṣẹ́po aṣọ á fi yọ.

Láti Ìbàdàn, fún ẹni tó béèrè nípa títẹ̀

Àǹtí, ẹ ṣé, mà. Àbúrò, o ní fọ́tò rẹ dára lójú kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú jù tí álíbọ́ọ̀mù bá dé láti Ṣómólú. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ ló mọ́lẹ̀ jù. Ìwé kò ní iná lẹ́yìn. Dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù sí nǹkan bí 100 sí 120 cd/m² (òṣùwọ̀n bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe mọ́lẹ̀ tó), kí o sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀ tò ó tí o bá rí owó rà á. Ohun mìíràn tún wà tí àwa níbí gbọ́dọ̀ mọ́jú tó: tí iná bá lọ tí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ kù láìsọ fún ọ. Ìwọ á rò pé fọ́tò ló ṣókùnkùn, wàá tún un ṣe, iná á dé, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Pa ìyẹn nínú ètò láptọ́ọ̀pù rẹ.

Kí odidi álíbọ́ọ̀mù tó wọ ẹ̀rọ, ní kí wọ́n tẹ ojú-ewé kan ṣoṣo fún ọ wò. Èyí tí ẹni tó dúdú jù nínú ẹbí àti gáùn funfun wà nínú rẹ̀ pa pọ̀ ni kí o yàn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí o ti wò ó, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Tí ojú bá ṣókùnkùn, gbé ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò náà sókè díẹ̀, kí o tún ojú-ewé yẹn tẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títún gbogbo álíbọ́ọ̀mù tẹ̀.