Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra humic yìí fún àgbàdo mi?

Agbado_Iseyin: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará mi. Bọ̀dá kan tó ń ta oògùn oko gbé ìyẹ̀fun dúdú kan wá bá mi, ó ní humic acid ni, pé ó máa ń jí jíìnì tó ti sùn nínú àgbàdo, pé tí mo bá ti lò ó mi ò ní ra fẹ́tíláísà mọ́ láé. Owó ẹ̀ ò kéré rárá. Ilẹ̀ tèmi oníyanrìn ni, òjò náà ò sì ṣe dáadáa. Ta ló ti lò ó rí níbí? Ìyàwó mi tún ń bẹ̀rù, ó ní ṣé kì í ṣe GMO nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kówó mi má wọgbó.

Iya_Elewedu: Potassium humate ni, àbúrò mi. Mo máa ń bu ú sí ewédú àti tẹ̀tẹ̀ mi, ó máa ń jẹ́ kó ta gbòǹgbò dáadáa. Fẹ́tíláísà tó ní kó o pa tì yẹn ni irọ́. Kí ni àgbàdo náà fẹ́ máa jẹ?

Ogbeni_Laabu: Òótọ́ lẹ sọ mà. Ẹ jẹ́ n là á díẹ̀ torí iṣẹ́ mi kan ibẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ pé ara leonardite ni wọ́n ti ń yọ ọ́, irú èédú kan tó wà nínú ilẹ̀, ewé àti igi ayé àtijọ́ ló jẹrà dì í, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú potassium hydroxide, èyí tó bá yòrò ni wọ́n á gbẹ tí wọ́n á dì sínú ọ̀rá, òun ni potassium humate yẹn.

Ọ̀rọ̀ jíìnì yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá o, bọ̀dá yẹn kàn bù mọ́ ọn ni. Jíìnì ni àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí irúgbìn á ṣe rí. Ní 2002 àwọn olùṣèwádìí kan, Canellas àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Bùràsíìlì, yọ humic acid látinú ìgbẹ́ ekòló, wọ́n bu ú sómi tí gbòǹgbò àgbàdo wà, gbòǹgbò yẹn yọ ẹ̀ka wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ju ti èyí tí wọn ò bu nǹkan kan sí. Ìgbà tí wọ́n wá wo ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀, wọ́n rí i pé pọ́ǹpù kan báyìí, H+-ATPase, ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Pọ́ǹpù yẹn ló ń ti ásíìdì jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ògiri sẹ́ẹ̀lì á wá dẹ̀, gbòǹgbò á ráyè nà, ó sì máa ń rọrùn fún un láti fa náítíréètì, ìyẹn oúnjẹ tó ní náítírójìn, wọlé. Ní 2004 àwọn kan ní Ítálì rí i lára àgbàdo náà pé jíìnì Mha2, tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣe irú pọ́ǹpù yẹn, tara ṣáṣá sí i. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó lè jẹ́ kí gbòǹgbò mọ oúnjẹ fà, kò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ tí kò sóúnjẹ.

Kí ìyàwó yín fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ GMO, wọ́n ti tọwọ́ bọ DNA irúgbìn, ibi tí jíìnì ẹ̀ wà, látilẹ̀, ọmọ ẹ̀ á sì jogún ẹ̀. Èyí ò fọwọ́ kan DNA, jíìnì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń mú yára, ọ̀dá lásán náà máa ń ti jíìnì ewéko kan síwá kó ti òmíì sẹ́yìn.

Baba_Alate: Inú omi láàbù nìyẹn o ọ̀gá. Oko ńkọ́?

Ogbeni_Laabu: Ẹ káre bàbá. Ní 2014 olùṣèwádìí kan, Rose, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n ṣírò ẹ̀ pọ̀, ara irúgbìn tó wà lókè ilẹ̀ fi bíi 22% wúwo sí i nígbà tó gbẹ, gbòǹgbò fi bíi 21%. Àmọ́ ó yàtọ̀ síra gan-an, ibi tí wọ́n ti yọ humic yẹn, ìwọ̀n tí wọ́n lò, irú irúgbìn tí wọ́n gbìn, gbogbo ẹ̀ ló ń dá sí i. Kí ẹ má wá fi 22% ṣírò owó o, ìwúwo ewé àti igi ẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe àpò àgbàdo. Tó bá sì pọ̀ jù, ó lè ká irúgbìn lọ́wọ́ kò.

Iya_Elewedu: Má sì pò ó pọ̀ mọ́ calcium nitrate nínú táǹkì kan náà o. Ó máa dì pọ̀ ní kórókóró dúdú sísàlẹ̀, á dí ẹnu sípíréyà pa, wàá máa fi abẹ́rẹ́ tú u lójú oòrùn. Kó o tún wo ara ọ̀rá ẹ̀ bóyá wọ́n kọ iye humic acid tó wà nínú ẹ̀, tí wọn ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, dá a padà fún un.

Baba_Alate: Ilẹ̀ oníyanrìn lo ní, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kó o kọ́kọ́ wá. Humic wà nínú òun náà, oúnjẹ tún wà níbẹ̀, ó sì ń di omi mú. Díẹ̀ tí wọ́n ń bù sómi yẹn ò lè sọ yanrìn di ilẹ̀ ọlọ́ràá.

Agbado_Iseyin: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rá kékeré ni mo máa ní kó tà fún mi, màá bu ú sí ebè apá ibi ọ̀nà nìkan, màá fi fẹ́tíláísà sí gbogbo ẹ̀ bákan náà, kí n lè rí ìyàtọ̀ tó bá wà. Bàbá, ìgbẹ́ adìẹ yẹn, ṣé èyí tí wọ́n da ìyẹ̀fun pákó (sawdust) sí náà dáa?

Baba_Alate: Ó dáa, àmọ́ jẹ́ kó jókòó pẹ́ kó o tó kó o dóko. Pákó tí ò tíì jẹrà máa ń fa náítírójìn mọ́ra, ewé àgbàdo ẹ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.