Kí ló dé tí ìgboro Tókíò fi mọ́ láìsí àgbá ìdalẹ̀sí?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará. Láti New York ni mo ti kó wá sí Tókíò nítorí iṣẹ́, ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu jù lọ níbí ni ọ̀rọ̀ pàǹtírí. Ní New York, ọ̀pọ̀ oríta ló ní àgbá ìdalẹ̀sí, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkìtì àpò dúdú a gba iwájú ilé kan, eku a sì máa sá wọ inú rẹ̀. Níbí, mo lè mú òfìfo ìgò omi lọ́wọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìrí ibi tí màá jù ú sí, bẹ́ẹ̀ títì mọ́ tónítóní. Kí ló fà á? Kí ló sì yẹ kí àlejò ṣọ́ra fún, kí ọ̀rọ̀ má baà di aáwọ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò?

Èsì kìíní

Ẹ kú àtidé. Ẹ̀rù ló kó ọ̀pọ̀ àgbá náà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1995, àwọn ẹlẹ́sìn Aum Shinrikyo tú sarin, afẹ́fẹ́ olóró, sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tókíò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó àgbá kúrò ní ibùdókọ̀ àti ìgboro, kí ẹnikẹ́ni má baà fi nǹkan búburú pamọ́ sínú wọn. Ní ti ìgò yín, ẹ wá ẹ̀rọ tí ń ta ohun mímu, àpótí oníhò róbótó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyókù, inú báàgì yín ni yóò bá yín relé.

Ilé gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ gba ìwé ìlànà àdúgbò yín, torí pé ti ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì: ọjọ́ èyí tó ṣeé jó lọ́tọ̀, ti ìgò àti agolo lọ́tọ̀. Ọ̀rá tí ojú lè rí inú rẹ̀ ni kí ẹ lò. Kí ẹ ṣí ìdérí ìgò ike, kí ẹ bó bébà ara rẹ̀, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yàn fún un, kí ẹ sì fi àwọ̀n bò ó dáadáa, nítorí àwọn ẹyẹ ìwò Tókíò gbọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àpò tí kò bá bófin mu, wọ́n á lẹ bébà mọ́ ọn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí gbogbo àdúgbò máa wò ó.

Èsì kejì

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àbímọ́ ni ìmọ́tótó yìí. Ní 1971, gómìnà Tókíò, Minobe Ryokichi, kéde ogun lórí pàǹtírí, nítorí pé ó ti sú àwọn ará Koto, àdúgbò kan ní Tókíò, láti máa fara da eṣinṣin àti ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí gbogbo ìlú wá sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ará Suginami, àdúgbò mìíràn ní Tókíò, kọ̀ kí wọ́n kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa sun pàǹtírí sí àdúgbò tiwọn, àwọn ará Koto dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Suginami. Lójú tèmi, ìjà bẹ́ẹ̀, tó fi hàn pé kí oníkálukú ru ẹrù ara rẹ̀, ṣiṣẹ́ ju ìwà pẹ̀lẹ́ lọ.

Èsì kẹta

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà New York díẹ̀. Ètò òpópónà Manhattan, apá kan ìlú New York, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1811 kò fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, nítorí náà iwájú ilé nìkan ni àpò lè dúró sí. Láti oṣù Kọkànlá 2024, ó ti di dandan kí àwọn ilé kéékèèké máa lo àgbá onídèérí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àga tí èèyàn ò fẹ́ mọ́ níbẹ̀, bó bá gbé e síwájú ilé, ẹlòmíì lè gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Bí mo bá wá fẹ́ ju àga nù ní Tókíò ńkọ́?

Èsì kìíní

Ẹ ó pe ibi tó ń rí sí ẹrù ńlá ní àdúgbò yín kí wọ́n dá ọjọ́ fún yín, ẹ ó fowó ra sítíkà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí tọ̀sán tòru, ẹ ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga náà. Ẹ tètè pè wọ́n bó bá jẹ́ oṣù Kẹta, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó kúrò nílé.