Màmá dé láti Ìkẹ́rẹ́, agbára ẹsẹ̀ wọn ń dínkù: ṣé kí n ra amínò ásíìdì oníyẹ̀fun?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Leeds
Èkìtì kete o, ẹ̀yin ará ulé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá mi, ẹni ọdún 74, wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sọ́jà àti sí ṣọ́ọ̀ṣì. Níbí, orí àga ni wọ́n wà láti àárọ̀ dalẹ́. Mo wá ń kíyè sí i pé tí wọ́n bá fẹ́ dìde, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ti ara wọn sókè. Ara ò dùn wọ́n o. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n ra amínò ásíìdì oníyẹ̀fun, irú èyí tí àwọn tó ń gbé irin máa ń pò mu. Ó wọ́n bí ojú. Ṣé ó bá àgbàlagbà mu?

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Manchester
Àbúrò, o kú ìtọ́jú Màmá. Má tíì náwó. Abọ́ oúnjẹ wọn ni kí o kọ́kọ́ wò.

Sarcopenia ni àwọn dókítà ń pè é, láti 1989 ni orúkọ náà ti wà. Ẹran ara máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, tí èèyàn bá sì ti kọjá 60, ó ń yára sí i. Ìjókòó tún ń dá kún un. Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ èsì kan jáde: wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10, nǹkan bíi kílò 1 ló sì lọ nínú ẹran ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ 10 péré!

Tí pùròtéènì bá dé inú, amínò ásíìdì ló ń tú sí. 20 ni ara ń lò láti fi mọ ẹran ara, ṣùgbọ́n 9 nínú wọn, ara ò lè pèsè wọn fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ wọ́n. Bí ọ̀wẹ̀ ilé kíkọ́ ló rí: ọ̀kan nínú àwọn 9 yẹn ò wá, iṣẹ́ dúró. Leucine, ọ̀kan nínú àwọn 9 náà, ló ń lu agogo tó ń pè wọ́n síṣẹ́. Ara ọ̀dọ́ a gbọ́ agogo kékeré. Ti àgbàlagbà, àfi kí ó dún kíkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò pùròtéènì bíi gíráàmù 25 sí 30 nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí leucine inú rẹ̀ tó gíráàmù 2.5 sí 3. Láàárín ọjọ́ kan, gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Tí Màmá bá wọn kílò 60, gíráàmù 60 sí 72 nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Houston
Bọ̀dá ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa bí àwọn ìyá wa ṣe ń jẹun. Tíì àti búrẹ́dì láàárọ̀. Ọ̀sán, bóyá ẹ̀kọ. Alẹ́ ni uyán á tó dé, pẹ̀lú ẹran ẹyọ kan, wọ́n á sì tún já ìdajì rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ, wọ́n á ní ẹran ò wu àwọn jẹ. Irọ́ ìfẹ́ ni! Gíráàmù 100 iṣu, pùròtéènì inú rẹ̀ ò ju bíi 2 lọ. N ò ní kí ẹnikẹ́ni gba uyán lọ́wọ́ ọmọ Èkìtì o, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ọbẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Kí ẹ̀gúsí ki, kí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì lọ edé sí i. Tí eyín ò bá fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹran rọ̀ dáadáa tàbí kí ẹ lo ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀.

Àárọ̀ ni mo yí padà fún ìyá ọkọ mi. Ẹyin 2, gíráàmù 12 péré nìyẹn, torí náà mo ń fi mílíìkì po ògì dípò omi, mo sì ń gbé mọ́ínmọ́ín tì í. Ẹlẹ́mìí méje, kì í ṣe èyí tí ẹ̀wà nìkan wà nínú rẹ̀. Ògì àti mọ́ínmọ́ín tún bára wọn mu: lysine, ọ̀kan nínú àwọn 9 yẹn, ò tó nínú àgbàdo, ó pọ̀ nínú ẹ̀wà; methionine, òun náà wà lára wọn, ló kéré nínú ẹ̀wà, àgbàdo sì ní in.

Ọmọ Adó, Toronto
Ẹ rọra o. Dókítà ní kí bàbá mi dín pùròtéènì kù nítorí kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òbí wa, ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Ṣé wọ́n ti yẹ ti Màmá wò?

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Manchester
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Àbúrò, ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún kíndìnrín kí o tó fi kún oúnjẹ wọn. Béèrè nípa fítámì D náà: níhìn-ín, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn lo máíkíróógíráàmù 10 lóòjọ́ nígbà òtútù, kí àwa aláwọ̀ dúdú sì rò ó láti máa lò ó yípo ọdún.

Alábòójútó
Mo ti yọ ìpolówó ìyẹ̀fun tí ẹnì kan gbé síbí. A ò tajà lórí ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Leeds
Ẹ ṣé gan-an. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi hàn mí, BCAA ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀.

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Manchester
Fi sílẹ̀. 3 péré nínú àwọn 9 ló wà nínú ìyẹn: leucine, isoleucine àti valine. Agogo ń dún, àwọn òṣìṣẹ́ ò pé. Tí Màmá ò bá lè jẹun tó, ìyẹ̀fun whey tí wọ́n fi omi wàrà ṣe sàn jù ú lọ, leucine pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo 9 ló sì pé. Bí mílíìkì bá ń da inú wọn rú, wá èyí tí wọ́n kọ isolate sí, ìyẹn èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ ṣúgà inú mílíìkì kúrò nínú rẹ̀.

Oúnjẹ nìkan ò sì tó. Ní kí wọ́n ká ọwọ́ sí àyà, kí wọ́n dìde lórí àga kí wọ́n sì tún jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, tàbí tí wọn ò lè ṣe é láìfọwọ́ti, sọ fún dókítà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́, kí o dúró tì wọ́n, kí àga má yọ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston
Èmi máa ń ní kí Màmá ṣe é kí oúnjẹ tó dé. Wọ́n ń bú mi, wọ́n sì ń ṣe é.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Leeds
Ha! Tèmi á bú ju tiyín lọ. Ẹja wo ni kò wọ́n níbí? Pánlá ti di góòlù.

Ọmọ Adó, Toronto
Títúsì, èyí tí wọ́n ń pè ní mackerel. Wá a nínú fíríìsà ilé ìtajà èyíkéyìí, tàbí sàdíìnì inú agolo. Fi omi ṣan èyí tó bá níyọ̀ púpọ̀ kí o tó sè é.