Ta ni erékùṣù náà dènà dè?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo júbà kí n tó fọhùn.

Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ etíkun South Carolina àti Georgia ní Amẹ́ríkà fún wa níjẹta pe Hilton Head, Hunting Island, Tybee àti Jekyll ní ‘erékùṣù ìdènà’, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘barrier island’. Ẹ tú u wò: dè + ọ̀nà. Olè ní í dènà de èrò ọjà. Ta wá ni Jekyll dènà dè? Bó bá jẹ́ dí + ọ̀nà ló ní lọ́kàn, ìdínà nìyẹn, kò sì tọ̀nà bákan náà, nítorí ẹnu omi wà láàárín erékùṣù kan sí èkejì, ibẹ̀ lòkun ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Iṣẹ́ erékùṣù náà ni kó fi àyà gba ìgbì kí ìgbì tó kan ilẹ̀.

Kò tilẹ̀ dúró lójú kan. Omi ń kó yanrìn láti àríwá lọ sí gúúsù. Ìdí nìyẹn tí òkun fi ń jẹ orí Jekyll, tí òkú igi nà gbalaja ní Driftwood Beach, tí ìdí erékùṣù náà ní gúúsù sì ń gùn sí i. Irin àtòpọ̀ tó ṣeé tú ni wọ́n fi kọ́ ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní Hunting Island ní 1875. Nígbà tí òkun fẹ́ gbé e, wọ́n tú u ní 1889, wọ́n lọ tún un tò sí ibi tó jìnnà ju máìlì kan lọ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, tòun ti àtẹ̀gùn rẹ̀ 167. Ìdènà wo ló ń rìn?

Àbá tèmi ni ‘erékùṣù adábùú’: ọ̀nà ìgbì ló dábùú. Ẹ má sì ka St. Helena, erékùṣù tó wà lẹ́yìn wọn, mọ́ wọn o. Hunting àti Fripp ló ń bá a gba ìgbì.

‘Ikun òkun’ tó fi túmọ̀ ‘high tide’ ńkọ́? Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ṣé ikùn ni, àbí ikún tí ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, àbí ikun imú? Ìkún ni, ìgbà tí òkun bá kún; ìfà, ìgbà tó bá fà sẹ́yìn, sì lèkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré níbẹ̀. Ní Tybee, ìkún fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 ga ju ìfà lọ. Bí oṣù bá lé tàbí tó di àrànmọ́jú, ó ń jù bẹ́ẹ̀. Láti ìkún dé ìfà lé díẹ̀ ní wákàtí 6, ìkún òní sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ẹni tó wa ọkọ̀ wọ odò tóóró nígbà tómi ń fà, tí ọkọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀, inú ọkọ̀ ni kó dúró sí títí omi yóò fi padà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mì dé orúnkún, ìkarahun ọ́ísítà inú rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bó bá ti rì, kó fara tì sẹ́yìn, kó máa mi ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá fi ipá fa ọ̀kan yọ, èkejì á túbọ̀ wọlẹ̀.

‘Àbàtà iyọ̀’ tó fi túmọ̀ ‘salt marsh’ sì dà bí ẹni pé wọ́n da iyọ̀ síbẹ̀ ni. Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan; òkun lèyí bá tan, ‘àbàtà òkun’ ni kí á pè é. Omi òkun ni koríko Spartina rẹ̀ ń mu, tó ń ti iyọ̀ rẹ̀ jáde lójú ewé.

*

Èsì òǹkàwé kan: Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ṣìnà. Ohun tó dábùú gbọ́dọ̀ gé nǹkan kọjá; erékùṣù yẹn bá etíkun lọ gbọọrọ ni. ‘Ìdènà àrùn’ sì ti wà lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì tipẹ́, a ò gbọ́ pé ẹnì kan fi kùmọ̀ dènà de ibà. Àwọn àgbà apẹja Ìlàjẹ ló yẹ kí á bi, kì í ṣe àwa tí a jókòó ti ìwé gírámà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bínú lórí ikun, ẹ̀yin lẹ kọ ‘Oyotunji’, orúkọ abúlé Yorùbá tó wà ní South Carolina, láìlámì lóṣù tó kọjá.

*

Ìdáhùn mi: Ọ̀yọ́túnjí, mo gbà. Láti 1970 ló ti wà ní Sheldon, orí ilẹ̀ gidi ni, kì í ṣe erékùṣù. Ẹ má fi yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìgbì ni mo ní ó dábùú, n ò sọ pé etíkun. Ẹ ò sì tíì dáhùn: ta ni Jekyll dènà dè?