Ẹnu ta ni kí n fi sọ ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò olórin yìí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Mò ń kọ ìtàn àròsọ, irú èyí tí àwa olólùfẹ́ máa ń kọ nípa àwọn olórin tí a fẹ́ràn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ni wọ́n. Nínú ìtàn mi, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa àbíkẹ́yìn, onílù wọn. Ẹ̀gbọ́n àgbà ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí ìlù bá ti dún, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, òógùn á bò ó, á sì sá jáde. Èyí àárín ní tirẹ̀ kò lè ṣe kó má kọrin. Orin ló fi ń sunkún. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn: ohun tó ń tu ọ̀kan lára ló ń dá egbò sí èkejì lára.

Mo ti kà nípa ìpayà tó máa ń pẹ́ lára ẹni tó la ìjàm̀bá já: àlá burúkú, ìtagìrì, sísá fún ohunkóhun tó lè ránni létí. Mo kọ́kọ́ fi ẹnu ẹ̀gbọ́n sọ ìtàn náà, ẹkún pọ̀ jù. Mo fi ẹnu èyí àárín sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n wá dà bí òkúta. Mo tún rò ó pé kó parí sórí ìtàgé, àmọ́ mi ò fẹ́ kí orin kan ṣoṣo wo ọgbẹ́ náà sàn. Irọ́ ni yóò jẹ́ lójú ẹni tó ti ṣọ̀fọ̀ rí.

Ìbéèrè mi ni pé: ẹnu ta ni kí n fi sọ ìtàn yìí, kí ìrora àwọn méjèèjì lè hàn dọ́gba?

Ẹ ṣé púpọ̀ fún ìmọ̀ràn yín.