Àìlágbára àwọn adènà USC: ṣé ẹ̀kọ́ ni wọn kò rí gbà ni, àbí ẹ̀bùn ló kéré?

Olùbéèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Láti ìparí ọdún 2021 tí Lincoln Riley ti dé Yunifásítì Southern California, tí gbogbo wa mọ̀ sí USC, ni mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà, ohun kan ló sì ń dùn mí. Wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n gba àmì 42 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Yunifásítì Washington, síbẹ̀ Washington gba 52 lọ́wọ́ wọn nínú pápá tiwọn gan-an. Dillon Johnson nìkan gbé bọ́ọ̀lù sáré 256 yáàdì. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n yọ Alex Grinch, olùdarí àwọn adènà, nípò. Ṣé lóòótọ́ ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ló fà á, àbí àwọn ọmọ náà ni kò tó bẹ́ẹ̀?

Ará Houston:
Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, mi ò sì ṣiyèméjì rárá. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí D'Anton Lynn gba iṣẹ́ Grinch: àmì tí wọ́n ń gbà lára wọn nínú ìdíje kan, tó ju 34 lọ ní 2023, já wálẹ̀ sí nǹkan bí 24 ní 2024. Àwọn adènà bíi Mason Cobb àti Jaylin Smith wà níbẹ̀ lábẹ́ Grinch, wọ́n sì tún wà níbẹ̀ lábẹ́ Lynn. Matt Entz fi ipò olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ ní North Dakota State, níbi tó ti gba ife ẹ̀yẹ, kó lè wá kọ́ àwọn linebacker, ìyẹn àwọn adènà tó ń dúró lẹ́yìn àwọn ti iwájú. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ òun wà kí bọ́ọ̀lù tó gbéra yóò dà bí ẹni tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ àná náà ló ṣì ń lò.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má bínú, Ará Houston, ẹ fo ibì kan. Lynn kò dá wá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi Kamari Ramsey àti John Humphrey tẹ̀lé e láti UCLA, yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, Akili Arnold àti Easton Mascarenas-Arnold sì wá láti Oregon State, nítorí náà kì í ṣe àwọn ènìyàn kan náà la fi ń wéra. Ẹ sì rántí ìdíje USC pẹ̀lú ẹgbẹ́ Yunifásítì Michigan ní oṣù Kẹsàn-án 2024: yáàdì 32 péré ni Michigan rí nínú jíju bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹsẹ̀ sáré 290, wọ́n sì borí pẹ̀lú 27 sí 24. Gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló mọ̀ pé sísáré ni wọ́n máa sáré, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró. Ara tó wúwo, tó sì lágbára níwájú, kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan tó lè fún ènìyàn ní irú rẹ̀. Grinch tí ẹ ń dá lẹ́bi yìí ṣe dáadáa ní Washington State tẹ́lẹ̀.

Olùbéèrè:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ Michigan yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo 2022 pẹ̀lú. Tuli Tuipulotu wà lọ́dọ̀ Grinch, òun ló sì gbé quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, ṣánlẹ̀ jù lọ láàárín gbogbo yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ Yunifásítì Utah gba àmì 47 lọ́wọ́ wọn, ti Tulane gba 46. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ohun tí mo rò ni pé ẹ ti ya ohun méjì tí kò ṣeé yà. Kò sí ẹni tó pín ọmọ fún USC. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń lọ sílé àwọn òbí, òun ló ń yan ẹni tí yóò gbà láti yunifásítì mìíràn. Bí iwájú bá fúyẹ́ ní 2024, a jẹ́ pé Riley ló ti fi àwọn ọdún ìṣáájú wá àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù wọlé ju àwọn tó ń dí ọ̀nà lọ. Òun náà ló mú Grinch wá láti Oklahoma, níbi tí LSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana) ti gba àmì 63 lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ní ìparí 2019.