Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ àbá lórí ìjà kọngílá kí ìdí ẹ̀ lè hàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, àwa mẹ́ta ni wọ́n ní ká dá sí ọ̀rọ̀ kọngílá kan àtẹni tó gbéṣẹ́ fún un, èmi ni wọ́n wá ní kí n kọ àbá wa sílẹ̀ (àbá ni o, kì í ṣe àṣẹ). Kọngílá ní òun bá àpáta pàdé níbi tóun ti ń gbẹ́ fandéṣọ̀n, ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n fowó kún un, ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ní àdéhùn tí wọ́n mú látinú FIDIC 1999 (àwòṣe àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé tí wọ́n ń lò kárí ayé) sọ pé kí kọngílá kọ̀wé láàárín ọjọ́ 28 pé òun máa béèrè owó, kò sì kọ ọ́.

Mo ti kọ ojú ìwé 11, ìkejì mi kà á, ó ní òun rí ibi tá a já sí àmọ́ òun ò rí ọ̀nà tá a gbà débẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tó bá pàdánù gbọ́dọ̀ rí i pé a gbọ́ tiẹ̀.

Ṣé ohun táwọn méjèèjì gbà ni kí n kọ́kọ́ kọ, kí n tó da ọ̀rọ̀ àdéhùn kọ gẹ́lẹ́? Tá a bá ní owó ò tọ́ sí i, ṣé ká ṣì ṣírò iye ẹ̀? Ẹnì kan nínú wa ò fara mọ́ ti ọjọ́ 28 yẹn, ṣé inú ìwé kan náà ni tiẹ̀ máa wà? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n rí bẹ́ ẹ ṣe to apá ìdí yẹn, ẹ yọ orúkọ kúrò.